Ohùn Tó Pe Àwẹ̀ró Lọ sí Kuje

Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóde tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí ìyá Rachael kọ́ ọ nìyí nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìjerò. Dìde ná. Yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Rí ojú onítọ̀hún kí o tó dáhùn, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ orúkọ èèyàn ló fẹ́ ire fún un. Nígbà tí Rachael náà bí Jọmílójú Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀, ohun kan náà ló kọ́ ọ ní Kárù, nínú ilé kékeré tí ìjọba fún un. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó kúrò l'Ékòó ni. Abuja ṣì jẹ́ ìlú tí èèyàn lè dúró sórí òkè kan kó gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lórí òkè kejì, eruku pupa rẹ̀ sì ń kun aṣọ funfun bí osùn.

Ẹ̀kọ́ náà dára. Ibì kan ló kù sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún Rachael pé ẹni tó ń peni náà yẹ kó mọ etí tó ń gbọ́.

*

Iṣẹ́ Jọmílójú kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nígbà tí Rachael ń tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Fídíò ló fi ń ta ilé. Yóò wọ bàtà pẹlẹbẹ, yóò gbé kámẹ́rà sókè, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká rìn ín wò!" ni yóò bá rin àdúgbò kan já látòkè délẹ̀: ibi tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ, ibi tí ojú ọ̀nà ti ń kún bí òjò bá rọ̀, ilé búrẹ́dì tí òórùn rẹ̀ ń jí àwọn ará ilé. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà ń ra ilé tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, nítorí pé ẹsẹ̀ Jọmílójú ti tẹ̀ ẹ́. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ lẹ́nu, ọmọ Abuja ni. Ó ń gbọ́ ju bó ṣe ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lójú rẹ̀ tí ń mú kéèyàn fẹ́ bá a wọlé.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, Rachael lọ bá a nílé rẹ̀ ní Life Camp láti bá a lọ aṣọ. Òjò ń rọ̀ gan-an, ó ń na gíláàsì fèrèsé bí ẹni ń da ẹ̀wà sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú gáwùn búlù yẹn. Ti Thursday la fẹ́ ṣe báyìí."

"Thursday wo? Ṣé òní kì í ṣe Sátidé ni?"

"Thursday inú December, mà."

Rachael gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "December! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń wọ aṣọ oṣù tí kò tíì lé."

Jọmílójú rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọjọ́ kan làwọn ń ya mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, àwọn á máa pààrọ̀ aṣọ, tó bá wá di ọjọ́ kálukú, fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e jáde. "Kódà tí mo bá ń sùn, mà. Wọ́n á rò pé mo wà níwájú wọn ni."

"Òjò yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ò ń sọ."

"Ẹ jẹ́ kó máa rọ̀. Ó rẹwà lẹ́yìn mi." Ó gbé ife tíì tó ń rú èéfín, ó lọ dúró síwájú fèrèsé, ó na ìka sí Life Camp tó wà nísàlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí kámẹ́rà tó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró.

Nígbà tó ṣe tán, Rachael bi í pé, "Akínjídé ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló máa ń bá ẹ mú kámẹ́rà ni?"

"Ó ti lọ dá dúró, mà. Ó ní òun náà fẹ́ máa sọ̀rọ̀ níwájú."

"Ẹ jà?"

"A ò jà o. Mo kàn sọ fún un pé àwọn èèyàn ò wá wo ọwọ́ tó mú kámẹ́rà."

Rachael pa áyọ́ọ̀nù. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn gbẹ, Jọmílójú. Ó yẹ kí o bu omi sí i kó tó ṣeé gbé mì."

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Akínjídé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ilé Rachael ní Kárù, pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

"Ọmọ mi! Dìde, dìde. Wọ́n ní o ti di ọ̀gá."

"Ọ̀gá kẹ̀, mà? Mo ṣì ń jà." Ó jókòó. Ó ti rù. "Mọ́mì, ọjọ́ ìbí Jọmílójú ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kí i nínú fídíò, kí n gbé e síta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò gbọ́dọ̀ mọ̀ o."

Inú Rachael dùn. Ìyá wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ó wọlé lọ wé gèlè, ó jókòó sórí àga rẹ̀ tó ní tìmùtìmù aláwọ̀ ewé, ó tún ojú ṣe.

"Kí n kàn sọ pé o kú ọjọ́ ìbí?"

"Rárá o, mà. Ẹ kì í. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ pe orúkọ ẹ̀yin tí ẹ bí i, ẹ pe oríkì. Àwọn èèyàn ń sunkún sí irú ẹ̀ báyìí."

Rachael bá ń kì í. Ohùn rẹ̀ ti ìgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin padà bọ̀.

"Jọmílójú, Àwẹ̀ró, ọmọ Rachael. Ọmọ Rachael tí Fádérera bí. Ọmọ òjò-pa-gbogbo-ilé-kò-pa-tiwa. Ọmọ asùn-lórí-àpáta-má-kérora. Àwẹ̀ró, ibi tó o bá wà, jẹ́ mi lóhùn."

"Ó dùn, mà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ pè é bí ẹni tó ti rìn jìnnà, tí ẹ fẹ́ kó máa bọ̀."

Rachael pè é bẹ́ẹ̀. Ó pè é títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, Akínjídé kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa fóònù náà, ó fi áńkáṣíìfù funfun wé e bí ẹni tó gbé ẹyin, ó sì jáde láì jẹ nǹkan kan. Rachael rò pé ìtọ́jú ni.

Nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kí i láti ẹ̀yìn ògiri, tó fẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ tínrín bí òwú. Ó wúkọ́. Ó ní ọyẹ́ ló ń bọ̀.

*

Ní Kugbo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Nyanya, níbi tí àwọn kaféńtà ti ń fá pákó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń rán tìmùtìmù. Gàníyátù ló ni ín, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò láàárín ètè rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fún tìmùtìmù pọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fún ohun mìíràn kì í kí i lójú títì.

Ó gbọ́ fídíò náà tán pẹ̀lú ojú dídì. Akínjídé dúró, ó ń làágùn.

"Mo mọ ohùn yìí," ni Gàníyátù wí. "Mọ́mì kan ní Kárù. Èmi ni mo rán tìmùtìmù tó jókòó lé yẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa."

"Alhaja, àánú ẹ̀ ò ṣe yín?"

"Ṣé ó ṣe ìwọ?"

Akínjídé fi ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà kú o," ni ó sọ. "Mo ní ogójì ilé láti tà ní Kuje. Ilé tó dára. Nítorí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n wà nítòsí, wọn ò fẹ́ débẹ̀, èmi sì ń sọ̀rọ̀ sí fídíò bí wèrè, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ni mo fẹ́. Kó ṣáà wá sọ́dọ̀ mi."

Gàníyátù yọ abẹ́rẹ́ kan lẹ́nu. "Ojú ò ṣeé já gbà bí èso, ọmọ. Bí ojú bá ń bọ̀, olójú ló ń bá a bọ̀." Ó fa tìmùtìmù kan jáde lábẹ́ tábìlì, aláwọ̀ ewé ni, ara aṣọ kan náà. Ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti ohun kan bọ inú òwú, ohun tí Akínjídé kò fẹ́ wò. "Gbé e sórí àga nínú ilé tó o fẹ́ kí wọ́n rà. Ibẹ̀ ni kí fídíò náà ti kọ́kọ́ dún, lẹ́ẹ̀mẹta, kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, tú u sáyé. Ayé ni yóò máa bá ọ pè é."

"Tí kò bá jẹ́ ńkọ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi eyín já òwú. "Ohùn ìyá rẹ̀?"

*

Ọjọ́ ìbí náà bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Kó tó di ọ̀sán, fídíò náà ti gba gbogbo fóònù kan. Àwọn tó wà lókè òkun ń sunkún sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan kọ ọ́ pé ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ìyá òun ti kú, pé òun kò lè yéé gbọ́ ohùn yìí. Jọmílójú pe Rachael, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ẹ pa mí! Ẹ pa mí pátápátá!"

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ń jẹun ní Kárù. Jọmílójú gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mà?"

"Mi ò pè ọ́."

"Ẹ pè mí, mà. Ẹ ní Àwẹ̀ró."

"Ṣé o rí ẹnu mi tó là ni? Jẹun."

Ó jẹ òkèlè méjì. "Mà?"

Kí wọ́n tó pa àwo dé, ó ti jẹ́ ẹ nígbà méje. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà keje, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Rachael ń wò ó lórí fóònù bó ṣe ń fi ilé kan hàn ní tààràtà ní Gwarinpa. Ó ń ṣàlàyé ilé ìdáná lọ́wọ́ nígbà tó dákẹ́ lójijì. Ó yí padà. Ó kúnlẹ̀ lórí táìlì, níwájú ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo, ó ní, "Mà!" Àwọn òǹwòran ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ yìí mà pọ̀ o, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Rachael kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́. Láti inú yàrá náà, ohùn kejì jẹ́ "Mà," ohùn Jọmílójú gan-an, ṣùgbọ́n ó kéré, ó jìnnà, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ó wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn kejì ló kọ́kọ́ dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò kan ní Life Camp pe Rachael pé òun rí ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá títì pápákọ̀ òfurufú, bàtà lọ́wọ́, ó kọjú sí ọ̀nà Kuje, ó ń rìn. Wọ́n dá a padà wálé. Rachael ra òwú, ó fi di etí ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Kò gba etí wọlé, mà," ni Jọmílójú wí. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ bínú. "Àyà mi ló ń gbà. Bí ẹnì kan níbì kan bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo máa gbọ́. Mo sì máa fẹ́ máa bọ̀."

Rachael pe Akínjídé lórí fóònù. "Yọ fídíò yẹn kúrò. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo ti yọ ọ́ látàná, mà." Ó yára fi kún un. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á kọ. Ó ti wà nínú gúrúùpù gbogbo ìdílé."

Òótọ́ ló sọ. Rachael wọ ọkọ̀ lọ sí Wuse, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Rachael di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ẹ bá mi pa á."

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa, ojú rẹ̀ sì tàn. "Kai! Ṣebí ẹ̀yin ni mọ́mì yẹn! Ẹ̀yin èèyàn, mọ́mì inú fídíò nìyí o! Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì í díẹ̀ sí i fún wa."

Gbogbo ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mẹ́fà. Ó jókòó sáàárín wọn, ohùn ara rẹ̀ ń pe ọmọ rẹ̀ láti apá mẹ́fà, kò sì sí ohun tó lè ṣe.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùṣọ́àgùntàn gbé ọwọ́ lé Jọmílójú lórí. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń gbàdúrà kíkan kíkan. Ara ọmọ náà ti ń rọ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe àmín, fóònù kan ké nínú báàgì obìnrin kan lẹ́yìn, oríkì ọ̀hún ló sì fi ṣe ohùn ìpè. *Àwẹ̀ró, ibi tó o bá wà, jẹ́ mi lóhùn.*

"Mà," ni Jọmílójú wí, ó sì dìde kúrò lábẹ́ ọwọ́ olùṣọ́àgùntàn.

*

Ọbayẹmí ti gbé fáìlì láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ilé-iṣẹ́ tí Rachael ti tẹ lẹ́tà. Kuje ló fẹ̀yìn tì sí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé bí àrùn kan bá ṣe ọ tí o kò lè dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, Ọbayẹmí ló yẹ kí o bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Rachael lọ, nínú ọyẹ́ tó gbẹ ètè, tó sì bo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ọjà Kuje, ó rí pátákó ńlá kan. Àwòrán Akínjídé ló wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀, níwájú ẹsítéètì tuntun, ọkọ̀ tò ju ogún lọ. Àwọn èèyàn ń wọlé bí ẹni tí wọ́n ń fà. Rachael ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀. Ó wo pátákó náà, búrẹ́dì gígùn méjì sì wá sí i lọ́kàn, àti áńkáṣíìfù funfun.

"Ta ló gba ohùn rẹ?" ni ìbéèrè tí Ọbayẹmí kọ́kọ́ bi í, kó tó tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbà á. Èmi ni mo fún un."

Bàbá náà mi orí. Kò béèrè púpọ̀. Ó wọ inú yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Rachael gbọ́ òórùn ewé tó ń jóná àti nǹkan mìíràn tí kì í ṣe ewé. Àdó kékeré kan ló gbé jáde, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

"Okùn ni, àbúrò mi. Ohùn rẹ ni wọ́n fi hun ún. Bí ohùn náà kò bá jẹ́ tìrẹ mọ́, okùn á já. Bí o bá mu èyí, o kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

"Ẹ gbé e wá."

"Dúró ná! Ó níbì kan tó le. Ọ̀bẹ tí ń gé okùn kò mọ èwo ni ti ẹrú, èwo ni ti ìwọ́. Ìgbà tó bá já, ibi tí ọmọ náà bá wà ni yóò dúró sí, ohunkóhun tó bá sì wà níbẹ̀ ni yóò ni ín. Ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Oòrùn òní kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ bá oògùn yìí, torí bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀la ti pẹ́ jù."

Rachael gbé fóònù. Ó pe Jọmílójú. Ó dún títí, kò gbé e. Ó tún un pè. Ó tún un pè. Oòrùn ti di bọ́ọ̀lù pupa nínú eruku, ó ń rọra bọ́ sẹ́yìn àpáta. Kuje sí Life Camp, pẹ̀lú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́, kò sí bí yóò ṣe bá a.

Nígbà náà ni fóònù náà dún pìì lọ́wọ́ rẹ̀. Fídíò tuntun láti ọ̀dọ̀ Jọmílójú. Ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn ló jáde.

Ó ṣí i. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó wà nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Life Camp, ó wọ gáwùn búlù, ife tíì ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ bíi tàtijọ́. "Ẹ jẹ́ ká rìn ín wò!" ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ó wà nílé! Ẹ wò ó, ó wà nílé rẹ̀!"

Ọbayẹmí tẹ ọrùn síwájú. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ojú mi yìí ni mo fi ń rí i."

Ó gba àdó náà. Kó tó gbé e sẹ́nu, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí pé kò ní lè sọ ọ́ mọ́. "Àwẹ̀ró." Ó gbé e mì. Ó korò, ó tutù, ó sì dà bí ẹni pé ó gbé òkúta odò mì. Ohun kan já ní ọ̀fun rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí òwú tí wọ́n fi eyín gé.

Fídíò náà ṣì ń lọ lórí itan rẹ̀. Jọmílójú rìn lọ síwájú fèrèsé, ó na ìka sísàlẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lára gíláàsì. Ó ń nà án bí ẹni ń da ẹ̀wà sílẹ̀.

Rachael gbé ojú sókè. Nínú àgbàlá Ọbayẹmí, ewé máńgòrò funfun fún eruku. Ó ti lé ní oṣù kan tí ilẹ̀ Abuja ti tọ́ omi òjò wò kẹ́yìn. *Thursday inú December, mà.* Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gáwùn náà.

Ó pariwo. Kò sí ohun tó jáde.

*

Ó sáré. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó sáré gba ẹ̀yìn ọjà, gèlè rẹ̀ bọ́, kò padà mú un. Ọkọ̀ ti ń lọ kúrò níwájú ẹsítéètì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àga kan ṣoṣo ló wà nínú pálọ̀ náà, tìmùtìmù aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀. Akínjídé fara ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà. Láàárín pálọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán tó kún fún eruku ọ̀nà jíjìn, Jọmílójú dúró, ó ń tún ọ̀nà tí aṣọ fèrèsé gbà rọ̀ ṣe.

Ó yí padà. Ó rí obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó ń mú kéèyàn fẹ́ bá a wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ilé lẹ wá wò?"

Rachael la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ni. Ó fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Jọmílójú ń wò ó pẹ̀lú sùúrù, bí a ṣe ń wo àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò dá.

"Mọ́mì, kò mọ̀ mí," ni Akínjídé wí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omijé ń wọ́ lójú rẹ̀. "Ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ó ṣì ń bú mi. Lójijì ló dákẹ́, tó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mi ò fẹ́ kó rí báyìí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wò mí." Ó fa fóònù yọ lápò. "Ẹ jẹ́ ká pè é. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín pè é padà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Rachael kún inú ilé òfìfo náà, ó ń lu ògiri, ó ń padà. *Jọmílójú, Àwẹ̀ró, ọmọ Rachael. Ọmọ Rachael tí Fádérera bí. Ọmọ òjò-pa-gbogbo-ilé-kò-pa-tiwa…*

Jọmílójú tẹ́tí títí ó fi parí. Kò jẹ́. Kò kúnlẹ̀.

"Ohùn yẹn dùn o," ni ó wí. "Ìyá ta ni?"

Akínjídé dojú bolẹ̀. Níta, oòrùn wọ̀. Jọmílójú gbé kámẹ́rà láti orí fèrèsé, ó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tọ́ka sí inú ilé.

"Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ ká rìn ín wò."

Ó ṣáájú. Rachael sì tẹ̀lé e, láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé yàrá, bí oníbàárà.